2.9 Tí Kò Ní Òṣùwọ̀n: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Kan Tó Kúrò Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Gún Un Ní Abẹ́rẹ́ Testosterone

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ẹ̀gbọ́n tí mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìjẹ̀bú-Òde ló ń gbé, páìpù àti ohun èlò omi ilé ló ń tà. Ó ní ìyàwó kan àti ọmọbìnrin kan tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ibi tó ti gba abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ láàbù ni iṣẹ́ mi, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ni mò ń yẹ̀ wò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni màá gbà wo ọ̀rọ̀ náà jù.

Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa kò kan abẹ́rẹ́ rárá. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹbí wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Òun ló yọ̀ǹda ara rẹ̀. Kí a tó gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni, a ó kọ́kọ́ wo PCV rẹ̀, ìyẹn ni pé tí a bá pín ẹ̀jẹ̀ náà sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, mélòó nínú rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì pupa. Ti ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá máa ń wà láàárín 40 sí nǹkan bí 52. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré ni a sábà máa ń dá padà. Ti ẹ̀gbọ́n yìí jẹ́ 58. Mo tún ẹ̀jẹ̀ mìíràn fà, mo tún un ṣe, 58 náà ni. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ki tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣàn geere mọ́. Ó lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, kó gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

"Ẹ̀gbọ́n, oògùn wo lẹ ń lò?"

"Mi ò lo oògùn kankan."

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá àna rẹ̀ ṣì wà nítòsí. "Àbúrò mi, ti agbára ọkùnrin ni. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án."

Ẹlòmíràn ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá náà, iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí sí rere. Èmi àti ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́yìn láàbù, ó sì sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ fún bí ọdún méjì. Tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, oorun á gbé e lọ. Ikùn rẹ̀ ń yọ. Ìbálòpọ̀ kò wù ú mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì nira débi pé òun àti ìyàwó rẹ̀ kì í dá a sílẹ̀ mọ́. Ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ilẹ̀ wa máa ń ṣe: ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ń mu àgbo jẹ̀dí láràárọ̀, ó fi nǹkan dídùn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó tún padà sí i. Nígbà tí Ojúde Ọba ń bọ̀, tí wọ́n ń ṣèpàdé lórí aṣọ tí wọn yóò wọ̀, ọ̀kan nínú àwọn regbéregbé rẹ̀ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ibì kan wà nígboro tí wọ́n ti ń tún ọkùnrin ṣe. Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, ara ẹni yẹn sì ń ta kébékébé. Ó gbàdírẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló débẹ̀, ó sì ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ yó kó tó kúrò nílé. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láti wọn testosterone, hòmóònù ọkùnrin tí ara máa ń ṣe fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè é lórí fóònù: "2.9 ni tiyín o, sà. Ti ọkùnrin kì í wálẹ̀ ju 10 lọ. Tiyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán." Ẹ̀rù bà á. Ó lọ san owó oṣù mẹ́fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kó tó kúrò níbẹ̀: testosterone enanthate, 250 mg, ọ̀sẹ̀ méjìméjì. Wọn kò wo PCV. Wọn kò wo PSA, àyẹ̀wò tí a fi ń ṣọ́ próstéètì tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni jẹjẹrẹ próstéètì ń bá jà jù. Wọn kò wo ṣúgà rẹ̀, wọn kò bi í bóyá ó ń hanrun lóru. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀, pé ṣé ẹ ṣì ń retí ọmọ, kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ kejì burú. Bí abẹ́rẹ́ enanthate ṣe rí nìyẹn: láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bá gún un, testosterone á ga nínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà á máa lọ sílẹ̀ títí ọjọ́ abẹ́rẹ́ mìíràn yóò fi pé. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni gígùn òkè àti jíjìn ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n ń jágbe mọ́ ọmọ, ó ń bá oníbàárà jà lórí owó táṣẹ́rẹ́. Nígbà tó sọ fún wọn, wọ́n sọ abẹ́rẹ́ náà di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, 250 mg náà ni. Ìlànà tí Endocrine Society, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn hòmóònù, gbé jáde ní 2018 fi í sí 75 sí 100 mg lọ́sẹ̀, tàbí 150 sí 200 ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n yẹn ni wọ́n ń rọ́ sí i lára.

Eéwo wẹ́wẹ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Orí ń fọ́ ọ, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ó ní kóró ẹpọ̀n òun ń kéré sí i, wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Dókítà tó rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tún fojú kàn án mọ́, ọmọdébìnrin kan tó ń gún abẹ́rẹ́ ló ń dá a lóhùn. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, inú yín ti le jù. Ẹ jẹ́ ká wábòmíràn lọ."

Obìnrin yìí ti ń retí ọmọ kejì láti ìgbà pípẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Kókó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pituitary wà lábẹ́ ọpọlọ tó ń fi hòmóònù méjì ránṣẹ́ sí kóró ẹpọ̀n, LH àti FSH. LH ló ń ní kó ṣe testosterone. FSH, pẹ̀lú testosterone tí kóró ẹpọ̀n ṣe fúnra rẹ̀, ló ń mú kí sípáàmù dàgbà. Tí testosterone bá ń ti ìta wọlé, ọpọlọ á ṣe bí ọlọ́jà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti kún, kò ní ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ mọ́. LH á lọ sílẹ̀, FSH á lọ sílẹ̀, kóró ẹpọ̀n á sùn, á sì sún kì. Èyí kì í ṣe àwámárìídìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti fi testosterone enanthate 200 mg lọ́sẹ̀ dán ìfètòsọ́mọbíbí ọkùnrin wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1990: nínú ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin náà, kò sí sípáàmù kankan mọ́. 250 ni ẹ̀gbọ́n ń gbà. Bí wọ́n ṣe ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ pé àwọn ń sọ ọ́ di ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fètò sí ọmọ bíbí rẹ̀ láìsọ fún un, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń ka oṣù nílé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé oògùn náà gan-an ni mò ń bá jà. Ó ń ṣe àwọn tó nílò rẹ̀ lóore. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní TRAVERSE, tó jáde ní 2023, wo ọkùnrin tó lé ní 5,000, láti ẹni ọdún 45 sí 80, àwọn tí ọkàn wọn ti ń ṣàìsàn tàbí tó wà nínú ewu rẹ̀. Àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kò pọ̀ nínú àwọn tó lo testosterone ju àwọn tó lo èyí tí kò ní oògùn kankan nínú, tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra, lọ, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì sínú ẹ̀dọ̀fóró àti kí ọkàn máa lù ségesège pọ̀ díẹ̀ nínú wọn. Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó wọ inú ìwádìí yẹn láìṣe pé wọ́n ti wọn testosterone rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, láàárọ̀, tó sì kéré nígbà méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?

Mo ní kó má lọ gba abẹ́rẹ́ tó kàn, kó tètè rí dókítà tó mọ hòmóònù. PCV tó bá ti kọjá 54, ìlànà ní kí wọ́n dá a dúró ná. Ṣùgbọ́n mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kó gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kó tó fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá lọ bá dókítà tuntun ní ọwọ́ òfo, ohun tí dókítà náà yóò rí ni ara tí abẹ́rẹ́ ti dà rú. Kò ní lè rí bí ara náà ṣe wà kí abẹ́rẹ́ tó dé. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn nìkan ló lè sọ ọ́, kò sì ṣeé padà ṣe.

Wọ́n ní fáìlì ti ilé ìwòsàn ni. Wọ́n ní tó bá ń lọ, owó tó kù níbẹ̀ kò ní padà. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde ní 2018, Patients' Bill of Rights ni wọ́n pè é, ọ̀kan nínú ohun tó wà níbẹ̀ sì ni pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ lásìkò. A kọ lẹ́tà kékeré: orúkọ, nọ́ńbà káàdì, ohun tó ń béèrè, ọjọ́ tí yóò padà wá gbà á. A kò halẹ̀, a kò bú ẹnikẹ́ni. Ó mú ẹ̀dà kejì dání kí wọ́n lè fọwọ́ sí i pé àwọn ti gba ọ̀kan. Àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, bá a lọ, nítorí ojú àgbà ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú.

Bébà kan ṣoṣo ni wọ́n fún un. Ọjọ́ tí wọ́n gún un àti ìwọ̀n abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: Testosterone, 2.9, ọfà kan kọjú sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí òṣùwọ̀n. Kò sí aago.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ láàbù mọ̀ pé nọ́ńbà tí kò ní òṣùwọ̀n kì í ṣe èsì. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà kọ testosterone: ng/mL, ng/dL, nmol/L. Tí 2.9 yẹn bá jẹ́ nmol/L, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, nǹkan bí 84 ng/dL ni, ara ń ṣàìsàn gidi, ó sì yẹ kí wọ́n máa wá ohun tó ṣe kókó abẹ́ ọpọlọ. Tó bá jẹ́ ng/mL, 290 ng/dL ni. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n ní ọwọ́ tó ń tọ́jú nǹkan, ọlọ́jà ni. Ó wá rìsíìtì láàbù tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ náà, ó gbé e lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde fún un láìjanpata. 2.9 ng/mL. Aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀: 4:10 ìrọ̀lẹ́.

Mo fi kákúlétọ̀ ṣe é lójú rẹ̀. 290 ng/dL jẹ́ nǹkan bí 10 nmol/L. Nọ́ńbà 10 tí wọ́n fi dẹ́rù bà á pé ti ọkùnrin kì í wálẹ̀ jù ú lọ, nmol/L ni. Wọ́n mú 2.9 láti inú òṣùwọ̀n kan, wọ́n gbé e kọ́ 10 tó wà nínú òṣùwọ̀n mìíràn, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà wà lórí 10 gan-an. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé nítorí èyí ni?"

Ìlànà Endocrine Society fi ààlà ìsàlẹ̀ sí 264 ng/dL, ti àwọn oníṣègùn ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà fi í sí 300. Ẹ̀gbọ́n wà láàárín méjèèjì. Àmọ́ àárọ̀ ni testosterone máa ń pọ̀ jù, nǹkan bí aago méje sí mẹ́wàá, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó lè ti dín ní ìdá kan nínú márùn-ún fún ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Oúnjẹ náà máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n fà á láàárọ̀ kùtùkùtù, láìjẹun, kí wọ́n sì tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó dárúkọ àìsàn kankan. Kò sẹ́ni tó lè fi bébà yẹn búra pé testosterone ọkùnrin yìí kéré rí.

Ibi tuntun wá di ìṣòro. Ẹnì kan ti ń pè é láti Èkó lórí WhatsApp pé òun á máa fi abẹ́rẹ́ náà ránṣẹ́ sí i lówó pọ́ọ́kú, kó máa gún ara rẹ̀ nílé. Kò béèrè PCV. Ìyẹn nìkan tó fún wa láti fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà ní Ṣágámù, OOUTH, kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń rí àwọn aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà àti hòmóònù ló lọ. Ó pẹ́ lórí ìlà, kò sẹ́ni tó pọ́n ọn lé bíi ti ibi àkọ́kọ́, tí wọ́n ti ń fún un ní omi tútù nínú ilé tó ní AC. Ṣùgbọ́n dókítà tó rí i jókòó tì í, ó ka bébà méjèèjì, ó sì béèrè nípa ọmọ kó tó béèrè ohunkóhun mìíràn.

Ó dá abẹ́rẹ́ dúró. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ nítorí orí fífọ́ àti ìríran tó ti ń ṣú. PSA rẹ̀ dára. Ṣúgà àárọ̀ rẹ̀ láìjẹun jẹ́ 151 mg/dL, bẹ́ẹ̀ 126 ni ààlà ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sì tún un ṣe, ó ga náà. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn ìbéèrè oorun: ó ní ọkọ òun máa ń hanrun, á dákẹ́, èémí á dúró, á wá fò dìde bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Èémí tó ń já lójú oorun báyìí ń mú kí ènìyàn máa tòògbé lọ́sàn-án, ó ń mú ìfẹ́ ìbálòpọ̀ lọ, ó ń fa testosterone wálẹ̀, ó sì lè gbé PCV sókè fúnra rẹ̀. Testosterone tí wọ́n ń gún un sì lè mú un burú sí i. Ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá ikùn náà máa ń mú kí ó rẹ ènìyàn, wọ́n sì ń fa testosterone wálẹ̀. Gbogbo ohun tó gbé e lọ síbi àkọ́kọ́ ní orúkọ, kò sì sí èyí tí wọ́n wá nínú wọn.

Àyẹ̀wò àtọ̀ rẹ̀ jáde: kò sí sípáàmù kankan. Ìyàwó rẹ̀ sunkún ní kọ́rídọ̀. Dókítà ṣàlàyé pé ó máa ń padà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ oṣù ni wọ́n fi ń ka á, nígbà mìíràn ó ń ju ọdún kan lọ, nítorí sípáàmù kan ṣoṣo ń gba bí ọjọ́ 74 kó tó gbó.

Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ló le jù, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ronú láti yí ibi ìtọ́jú padà mọ èyí dájú. Abẹ́rẹ́ ti kúrò, kóró ẹpọ̀n kò tíì jí. Ara rẹ̀ wúwo ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ, ó ń sunkún láìnídìí, kò fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́ẹ̀mejì ló pè mí pé òun fẹ́ padà síbi tó ti kúrò, pé ó kéré tán, níbẹ̀, òun máa ń ní agbára fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo ní kó pe dókítà rẹ̀, ó sì pè é. Wọ́n sọ fún un pé ohun tó ń rí kò fi hàn pé ó nílò abẹ́rẹ́, àìsí abẹ́rẹ́ lójijì ló ń ṣe é. Wọ́n bá a sọ ọ̀rọ̀ oògùn tó lè ta kókó abẹ́ ọpọlọ jí, clomiphene, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo bí LH rẹ̀ ṣe ń ṣe. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹta, LH ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fúnra rẹ̀, wọn kò sì lò ó.

Láàárín ìgbà yẹn, ó ń lo metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Gààrí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó sì jọ pé ìyẹn ló dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó fi ọtí alẹ́ sílẹ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fọn ní kílò mọ́kànlá.

Oṣù kẹfà tó ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n tó wọn testosterone rẹ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, láìjẹun, ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. 338 ng/dL nígbà àkọ́kọ́, 352 nígbà kejì. Òṣùwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. PCV ti wálẹ̀ sí 48. Sípáàmù ti padà, mílíọ̀nù mẹ́fà nínú mílílítà kan. Nínú ìwé WHO ti 2021, 16 ni ààlà ìsàlẹ̀, nítorí náà kò tíì tó, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀.

Ó bi dókítà bóyá òun ṣì máa nílò abẹ́rẹ́ náà lọ́jọ́ iwájú. Ìdáhùn tó gbà ni pé tí testosterone bá kéré lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, tí àìsàn rẹ̀ sì hàn lára, tí ọ̀rọ̀ ọmọ sì ti parí, wọ́n á jọ sọ ọ́, ìwọ̀n kékeré ni wọ́n á sì fi bẹ̀rẹ̀, PCV ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ní báyìí, kò sí ohun tó pè é. Owó tó san níbi àkọ́kọ́ kò padà, ó sì ti ní òun kò ní tọ̀ ọ́ lẹ́yìn mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú regbéregbé, ẹni tó júwe ibẹ̀ fún un, wá wo PCV lọ́dọ̀ wa lóṣù tó kọjá, 55 ni tirẹ̀, òun náà ti ní lẹ́tà Ṣágámù lọ́wọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ti pé ọdún méjìdínlógójì, dókítà kò sì fẹ́ kí wọ́n fi oṣù ṣòfò lórí ti ọkọ nìkan, ó ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn obìnrin. Àyẹ̀wò àtọ̀ tó kàn yóò wáyé ní oṣù mẹ́ta sí i.